Kò sí iná lábẹ́ àpáta Ìdànrè

Ẹni mẹ́ta ló ti bi mí lóṣù yìí bóyá iná kò ní tú jáde bí a bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ jìn létí àpáta. Iná wo? Àpáta Ìdànrè ti yọ́ rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti dì, ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí òjò àti ọ̀gbàrá tó fọ ohun tó bò ó lọ.

Bí a ṣe ń wọlẹ̀ ni ooru ń le sí i, nǹkan bíi dígírì 25 sí 30 ní kìlómítà kan. Síbẹ̀, òkúta líle ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí ooru bá lé ní dígírì 650 ni díẹ̀ nínú rẹ̀ tó lè yọ́, omi ló sì ń mú un yá: ohun tí kánún ń ṣe fún ẹ̀wà ni omi ń ṣe fún àpáta. Díẹ̀ ni mo wí o! Ẹ gbé ẹran ọlọ́ràá kaná. Ọ̀rá á yọ́, ẹran á dúró.

Ẹ lọ wo àpáta tí wọ́n bẹ́ níbi ìfọ́kùúta n'Ìbàdàn. Àwọn ìlà funfun tó ń lọ́ bí ejò láàárín dúdú yẹn, púpọ̀ nínú wọn ló ti yọ́ rí. Èyí tó yọ́ náà ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ láàárín hóró òkúta títí ìkán kan fi bá èkejì pàdé. Ilẹ̀ á wá fún un bí ẹni fún ọ̀gì nínú aṣọ. Ó fúyẹ́ ju òkúta tó yí i ká, nítorí náà òkè ló ń forí lé, ó ń gba ojú sísán. Òmíràn dì sójú ọ̀nà: òun lẹ ń wò yẹn. Mo lè dúró tì í látàárọ̀ dalẹ́. Èyí tó ráyè kóra jọ a máa tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ débi pé hóró rẹ̀ á tóbi tó ìka ọwọ́, wọ́n á wọnú ara wọn pinpin. Omi ò ráyè níbẹ̀ àfi tó bá sán.

Tíṣà àgbà kan l'Ákùúrẹ́ pè mí. Mo fi wáyà rán iná mànàmáná wọlẹ̀ ọgbà wọn láti mọ ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí, mo ní, "Bàbá, mítà 4 péré lókùúta gidi ti bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, kò sì sán. Ìsàlẹ̀ ọgbà lọ́hùn-ún ni kí ẹ gbẹ́." Wòlíì kan dé pẹ̀lú igi ẹlẹ́ka méjì, ó ní odò ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́. Mítà 90, ìyẹ̀fun òkúta gbígbẹ ni ẹ̀rọ ń tú síta. Odò kì í ṣàn nínú òkúta tí kò sán! Gírátúítì Bàbá ló bá a lọ. Mo padà lọ tún ìsàlẹ̀ ọgbà yẹn wọ̀n láìgba kọ́bọ̀. Owó tí wọn yóò fi gbẹ́ ẹ ni kò sí mọ́.