Ibo Ni Ìkànnì Tí Kò Ṣí Ti Há?

Ohun kan wà tó máa ń rú ọ̀pọ̀ ìdílé lójú ní Kubwa, ní Lugbe àti ní Gwarinpa ní Àbújá: WhatsApp ń wọlé, fídíò ń ṣeré lórí fóònù àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ìkànnì ilé-ìwé tí òbí fẹ́ fi san owó ọmọ rẹ̀ kàn ń yí bírí lójú kọ̀ǹpútà ni, kò ṣí, kò sì sọ ohun tó ń ṣe é. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n á pa ráótà, wọ́n á tún un tàn. Bí ìyẹn kò bá yanjú ọ̀rọ̀, wọ́n á di gbogbo ẹ̀bi ru ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà. Kò burú kí ènìyàn pa ráótà kó sì tún un tàn, nítorí ó máa ń tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe lóòótọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í sọ ohun tó bàjẹ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ lónìí náà ni a ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Láàárín ìgbà tí ènìyàn tẹ orúkọ ìkànnì kan àti ìgbà tí ojú-ìwé náà yọ, iṣẹ́ púpọ̀ ni ó ti wáyé. Kọ̀ǹpútà ní láti bá ráótà sọ̀rọ̀ lórí Wi-Fi. Ráótà ní láti gba orí máàsì, ìyẹn òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, tàbí wáyà fáíbà dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè íntánẹ́ẹ̀tì. A ní láti rí ẹni tí yóò yí orúkọ tí a tẹ̀ padà sí nọ́ńbà. Ọ̀nà gbọ́dọ̀ là láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà ń gbé. Sáfà náà gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí hàn pé òun gan-an ni a ń wá. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó kó ojú-ìwé ránṣẹ́. Bí ọ̀kan péré nínú wọn bá já, ohun kan náà ni ojú ń rí: ojú-ìwé kò ṣí. Iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ni láti mọ ibi tí ó ti já, kì í ṣe láti máa fọwọ́ kan gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà.

Àfiwé mẹ́ta ló ń dín wàhálà yìí kù jù lọ, wọn kò sì gba àkókò. Èkíní ni kí a gbìyànjú ìkànnì mìíràn lórí ẹ̀rọ kan náà. Èkejì, ìkànnì kan náà lórí ẹ̀rọ mìíràn tó wà lórí Wi-Fi kan náà. Ẹ̀kẹta, ìkànnì kan náà lórí ẹ̀rọ kan náà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì láti orí fóònù tí SIM rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Èyí kò ṣòro ní Àbújá, níbi tí ó ti ṣọ̀wọ́n kí gbogbo ará ilé máa lo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan ṣoṣo. Bí ìkànnì náà bá kọ̀ lórí gbogbo ẹ̀rọ àti lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ni àìsàn wà. Kí a fi ráótà sílẹ̀. Bí ó bá ṣí lórí fóònù tí kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà, tí àwọn méjèèjì sì wà lórí Wi-Fi kan náà, inú kọ̀ǹpútà ni kí a wò. Bí ó bá jẹ́ orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kejì nìkan ló ti ṣí, ọ̀rọ̀ wà láàárín ráótà àti ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè íntánẹ́ẹ̀tì fún un.

Ẹ̀tàn méjì ni ó máa ń ba àfiwé yìí jẹ́. Ọ̀pọ̀ fóònù ní ọgbọ́n àrékérekè kan: bí Wi-Fi kò bá dára, wọ́n á rọra yí sí dátà ara wọn láìsọ fún ẹni tó ni wọ́n, ìkànnì á ṣí, a ó sì rò pé Wi-Fi ilé ló ṣiṣẹ́ náà. Kí a pa dátà fóònù kí a tó fi í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀tàn kejì ni WhatsApp tí a mẹ́nu bà lókè. Àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń ta dátà tó wà fún WhatsApp, Facebook àti irú wọn nìkan. Bí dátà gidi bá tán, èyí á ṣì máa ṣiṣẹ́, gbogbo ìkànnì yòókù á sì dákẹ́. Nítorí náà, pé WhatsApp ń wọlé kì í ṣe ẹ̀rí pé íntánẹ́ẹ̀tì wà. Kí a tẹ *323#, kóòdù tí àwọn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní Nàìjíríà jọ ń lò láti ọdún 2023, kí a wo iye dátà tó kù.

Lẹ́yìn àfiwé, ohun tí ó kàn ni kí a ka ohun tí aṣàwákiri, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bùráúsà, kọ sójú ẹ̀rọ. Àṣà tí kò dára ni láti pa á dé láìkà á, nítorí kóòdù kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń sọ ibi tí ìrìn àjò náà ti já. Bí Chrome bá kọ DNS_PROBE_FINISHED_NXDOMAIN, orúkọ ni kò rí. DNS ni ètò tí ń yí orúkọ padà sí nọ́ńbà, ó sì ti wà láti ọdún 1983. A lè fi wé àlejò tó dé Gwarinpa láti Ìlọrin, tí ó mọ orúkọ ẹni tó ń wá dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò mọ nọ́ńbà àfẹ́níù àti ti ilé. Bí kò bá rí ẹni júwe, kò sí bí ó ṣe fẹ́ débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà dán, tí onílé sì jókòó sílé. Kí a kọ́kọ́ wò bóyá a kọ orúkọ náà bó ṣe yẹ, pàápàá ìrù rẹ̀, nítorí .gov.ng, .com.ng àti .com kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí orúkọ bá tọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹni tí a ń bi léèrè, ìyẹn sáfà DNS ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ni ara rẹ̀ kò yá.

Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ èyí ni kí a ṣí Command Prompt, fèrèsé tí a ń tẹ àṣẹ sí lórí Windows, kí a tẹ ping 8.8.8.8. Ping ni àṣẹ tí ń bi kọ̀ǹpútà mìíràn bóyá ó wà níbẹ̀. Bí èsì bá padà wá, tí orúkọ kò sì ṣiṣẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì wà nílé. DNS ni ó ń da wàhálà sílẹ̀. Nọ́ńbà yìí jẹ́ ti sáfà DNS tí Google ṣí fún aráyé ní oṣù Kejìlá ọdún 2009. Cloudflare ṣí tirẹ̀, 1.1.1.1, ní oṣù Kẹrin ọdún 2018. A lè kọ ọ̀kan nínú wọn sínú ètò ráótà ilé, tí a sábà máa ń wọ̀ nípa títẹ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1, tàbí 192.168.8.1 fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ MiFi. Nígbà mìíràn, sáfà DNS kò ṣẹ̀ rárá. Ìdáhùn àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi pamọ́ ni ó ń tàn án. Bí ìkànnì bá kó lọ sórí sáfà mìíràn, ẹ̀rọ tó ṣì di àdírẹ́sì àtijọ́ mú yóò máa kan ilẹ̀kùn ilé tí ayálégbé ti kó jáde. Àṣẹ tí ń nu ìrántí yìí lórí Windows ni ipconfig /flushdns. Bí a bá sì ping ìkànnì kan tí kò dáhùn, kí a má tíì kéde ikú rẹ̀: sáfà wà tí wọ́n dìídì pa á láṣẹ kó má dáhùn ping.

Àpẹẹrẹ ńlá kan ni ti ọjọ́ 4, oṣù Kẹwàá, ọdún 2021, nígbà tí Facebook, Instagram àti WhatsApp pòórá fún bíi wákàtí mẹ́fà. Àṣìṣe nínú iṣẹ́ àtúnṣe ni ó gé ilé-iṣẹ́ náà kúrò lára íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn sáfà DNS rẹ̀ sì bá a lọ, débi pé kò sí ẹni tó lè yí orúkọ náà padà sí nọ́ńbà mọ́. Ẹni tó ń pa ráótà tó ń tàn án ní Nyanya nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kàn ń dààmú ara rẹ̀ ni. Àṣẹ ìjọba náà lè dí ọ̀nà. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Nàìjíríà dí Twitter. Ẹni tó bá fi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì méjì wéra nígbà náà yóò rò pé Twitter fúnra rẹ̀ ló kú, nígbà tí ó ń ṣí wẹ́rẹ́ ní Ìlú Ọba.

ERR_CONNECTION_TIMED_OUT àti ERR_CONNECTION_REFUSED jọra lójú ẹni tó ń kánjú, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń sọ. Ti àkọ́kọ́ ni pé a kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ti èkejì ni pé ẹnì kan dáhùn, ó sì ní kí a máa lọ. Ìdákẹ́ lè jẹ́ ti ọ̀nà tó dí, ti sáfà tó kú, tàbí ti olùṣọ́ tí wọ́n ní kó má dá irú àdírẹ́sì wa lóhùn. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń bá íntánẹ́ẹ̀tì orí máàsì jà, nítorí pé ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì gbangba kan ṣoṣo, bí agbo-ilé tí gbogbo ará inú rẹ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà kan jáde. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ṣe jàǹbá lórí ìkànnì kan, tí ìkànnì náà sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àdírẹ́sì yẹn, gbogbo agbo-ilé ló jẹ nínú ìyà náà. Bí a bá pa ráótà tó ń lo SIM tí a sì tún un tàn, ilé-iṣẹ́ lè fún un ní àdírẹ́sì mìíràn, èyí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí oògùn àtijọ́ yẹn fi máa ń jẹ́. VPN, ètò tó ń mú íntánẹ́ẹ̀tì wa gba orí sáfà mìíràn kọjá, náà ń dá irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, nítorí àwọn ìkànnì kan kì í fẹ́ rí àdírẹ́sì rẹ̀ sójú. Ẹni tó bá sì ti gbàgbé pé òun tan VPN láàárọ̀ lè máa wá ẹlẹ́bi kiri títí di alẹ́.

Aago ni ohun tí kì í sábà wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìkànnì tí àdírẹ́sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, aago kọ̀ǹpútà ni aṣàwákiri sì fi ń mọ̀ bóyá ó ṣì wúlò. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, bátìrì kékeré kan tó rí bí ẹyọ owó ni ó ń pa aago mọ́ nígbà tí kò sí iná. Bí bátìrì yìí bá kú, tí Nẹ́pà sì mú iná lọ, kọ̀ǹpútà náà lè jí sí ọdún tó ti kọjá tipẹ́. Lójú rẹ̀, ìwé ẹ̀rí gbogbo ìkànnì kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò sì máa kọ NET::ERR_CERT_DATE_INVALID sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a tún ọjọ́ àti aago ṣe, ó parí. Ṣùgbọ́n bí aago bá tọ́, tí ìkànnì kan ṣoṣo sì ń sọ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ti kọjá ọjọ́, ẹni tó ni ín ni yóò sì tún un ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má fi ipá kọjá ìkìlọ̀ náà láti lọ tẹ nọ́ńbà káàdì báǹkì rẹ̀ síbẹ̀.

Èyí tó ń fọ́ àwọn onímọ̀ pàápàá lórí ni ìkànnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí tó wá há sáàárín: orúkọ rẹ̀ yọ lókè, ojú-ìwé ṣófo. Íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbé ojú-ìwé lódidi. Ó ń gé e sí ẹrù kéékèèké, tí èyí tó tóbi jù sábà máa ń jẹ́ báìtì 1500. Àwọn ọ̀nà kan wà, bí irú èyí tí wọ́n ń pè ní PPPoE, tí kò lè gbà ju 1492 lọ, nítorí pé báìtì 8 ti lọ sórí àmì tí ọ̀nà náà ń lẹ̀ mọ́ ẹrù. Ó yẹ kí sáfà gbọ́ pé ẹrù òun tóbi jù kí ó sì dín in kù, ṣùgbọ́n bí ohun kan lójú ọ̀nà bá dá ìkìlọ̀ náà dúró, sáfà yóò máa rán ẹrù ńlá, ẹrù ńlá yóò sì máa sọnù. Ẹrù kékeré ń kọjá ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ping fi ń dáhùn dáadáa tí ojú-ìwé kò sì dé. Bí a bá dín MTU, ìyẹn ìwọ̀n ẹrù tó tóbi jù, nínú ètò ráótà kù sí 1492, tàbí sí 1400 láti fi dán an wò, tí ìkànnì sì ṣí lójijì, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Àbújá tún ní ti tirẹ̀. Kò sí òkun níbẹ̀. Etíkun ni wáyà abẹ́ òkun tó so Nàìjíríà mọ́ ayé ti ń gúnlẹ̀, Èkó ni púpọ̀ jù, wáyà orí ilẹ̀ ni ó sì ń gbé ìyókù ọ̀nà náà dé olú-ìlú. Níbi tí àwọn tó ń ṣe títì bá ti gbẹ́ ilẹ̀ láìbéèrè, fáíbà lè já. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ báǹkì àti íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Nàìjíríà. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó ń wọlé lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan lè má wọlé lórí èkejì, nítorí pé wáyà tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbára lé kì í ṣe ọ̀kan náà. Àṣẹ tracert, tí a ó kọ orúkọ ìkànnì tẹ̀ lé, yóò to àwọn ibùdókọ̀ ojú ọ̀nà náà sílẹ̀. Ibi tí àmì ìràwọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ tí kò sì dáwọ́ dúró mọ́ ni kí a fura sí.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ìkànnì bá ṣí nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ aṣàwákiri tí kò ṣí nínú ti gbangba, kí a nu ohun tí aṣàwákiri fi pamọ́, kí a sì pa àfikún tó ń dí ìpolówó. Wi-Fi 5 GHz yára ju 2.4 GHz lọ, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù máa ń tètè rẹ̀ ẹ́, nítorí náà kí a sún mọ́ ráótà kí a tó ní ó bàjẹ́. Nọ́ńbà bíi 404, 500 tàbí 503 túmọ̀ sí pé ọ̀nà dára, a ti débẹ̀, a sì ti fún wa lésì. Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde, 503, tó sábà máa ń sọ pé èrò ti pọ̀ jù fún sáfà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ráótà ẹnikẹ́ni.

Bí gbogbo rẹ̀ bá wá tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí a pè wọ́n, 300 ni nọ́ńbà náà lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fóònù, kí a sọ aago tí ó bẹ̀rẹ̀, kóòdù tó yọ lójú ẹ̀rọ, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mìíràn tí ìkànnì náà ti ń ṣí, àti ibi tí tracert dúró sí. Ẹni tó bá gbé ìpè náà yóò kọ́kọ́ ní kí a pa ráótà kí a sì tún un tàn. Kí a sọ fún un pé a ti ṣe é.