Bí Ìwọ̀ Oníyẹ̀ẹ́ Ṣe Bẹ̀rẹ̀, àti Bí Kámẹ́rà Ṣe Bá A Dé Etí Omi Orísun

Láàárọ̀ ọyẹ́, èéfín a máa rú lórí omi gbígbóná Ìkógòsì. Tó bá di ọ̀sán, kò sí mọ́. Àlejò á rò pé omi náà gbóná láàárọ̀ ju ti ọ̀sán lọ, àmọ́ omi ò kúrò lójú kan, afẹ́fẹ́ ló tutù. Inú àpáta òkè Ẹ̀fọ̀n ni omi yẹn ti ń bọ̀. Òjò tó rọ̀ á gba ojú sísán àpáta wọlẹ̀ lọ jìnnà, ooru abẹ́ ilẹ̀ á mú un, á sì tún wá ọ̀nà jáde. Ẹ̀ẹ̀rùn ò mọ̀ ọ́n, òjò ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń kọ ọ́ kiri pé 70°C ni. Ẹni tó bá ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ rí mọ̀ pé irọ́ ni, torí omi 70°C á bó ọwọ́ èèyàn. Àwọn onímọ̀ tó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n rí nǹkan bíi 37°C.

Ìtàn tiwa ni pé ìyàwó ọdẹ kan ni àwọn omi méjèèjì tó wà níbẹ̀, gbígbóná àti tútù, oníjà ni gbígbóná, oníwà tútù sì ni èkejì. Ìtàn àwọn òyìnbó ni pé John McGee, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ló tún ibẹ̀ ṣe di àgọ́; ọdún 1952 ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé omi orísun tí kì í bá ìgbà yí padà ló bí àṣà méjì kan nílẹ̀ òtútù. Àkọ́kọ́ ni fífi ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́, ìyẹn ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ wé kó lè jọ kòkòrò, pẹja pẹ̀lú gbogbo òfin rẹ̀. Èkejì ni bí àwọn apẹja kan ṣe ń gbé kámẹ́rà lọ sétí omi nígbà tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, tí ẹlòmíì ti tilẹ̀kùn mọ́rí.

Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Hampshire, odò méjì kan wà tí wọ́n ń jẹ́ Test àti Itchen. Ṣọ́ọ̀kì ni ilẹ̀ ibẹ̀, irú èyí tí tíṣà fi ń kọ ojú pátákó. Òjò á rin wọ inú rẹ̀, á pẹ́ níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kó tó yọ jáde ní orísun pẹ̀lú nǹkan bíi 10°C, ìbáà jẹ́ ìgbà ooru, ìbáà jẹ́ ìgbà yìnyín. Ṣọ́ọ̀kì ti sẹ́ ẹ kó tó jáde, nítorí náà èèyàn lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ewéko hù nínú rẹ̀, kòkòrò kún inú ewéko, ẹja sì sanra. Ṣùgbọ́n omi tó jẹ́ kí èèyàn rí ẹja ló jẹ́ kí ẹja rí èèyàn náà. Ní irú odò wa tó pọ́n nígbà òjò, ekòló lórí ìwọ̀ ti tó, torí òórùn ni ẹja àrọ̀ fi ń wá oúnjẹ. Nínú omi orísun, ojú ni trout, ẹja omi tútù tí wọ́n ń pa níbẹ̀, fi ń jẹun, kì í sì í jẹ ohun tó bá fu ú lára.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ di nǹkan, ó ti wà níbòmíràn. Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù tó ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa ti ọwọ́ Aelian wá, ará Róòmù tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Krísti. Ó ní òun gbọ́ nípa odò kan ní Masidóníà, níbi tí ẹja alámì tó-tò-tó wà. Kòkòrò kan tó fara jọ agbọ́n a máa fò lójú odò náà. Ẹja á rí i látìsàlẹ̀, á rọra lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ kó má ba à da omi rú, á sì gbé e mì. Àwọn apẹja ibẹ̀ mọ ohun tí ẹja ń jẹ, àmọ́ wọn kì í mú kòkòrò náà fi ṣe ìdẹ, torí tí ọwọ́ èèyàn bá ti kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, ìyẹ́ rẹ̀ á rọ, ẹja ò sì ní wo ẹ̀yìn wò ó. Wọ́n á wá fi irun àgùntàn pupa we ìwọ̀, wọ́n á so ìyẹ́ méjì tó hù lábẹ́ àgbọ̀n àkùkọ mọ́ ọn, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ìda. Ọ̀pá wọn ò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ, okùn rẹ̀ náà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ó ti lé ní 1800 ọdún báyìí, ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ni wọ́n ṣì fi ń ṣe é. Àwọn kan tiẹ̀ ń sin adìyẹ lọ́tọ̀ nítorí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ nìkan. Ẹ wo gbogbo èyí tí à ń hú dànù lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ ọdún.

Ohun tó ya irú ìpẹja yìí sọ́tọ̀ nìyí: ìwọ̀ náà fúyẹ́ débi pé èèyàn ò lè jù ú. Okùn ni wọ́n ń jù, ìwọ̀ á kàn tẹ̀ lé e lọ. Ìdí rèé tí okùn rẹ̀ fi nípọn, tí apẹja fi ń nà án síwájú, nà án sẹ́yìn lórí afẹ́fẹ́ bíi darandaran tó ń ju pàṣán, kó tó jẹ́ kó balẹ̀ sójú omi. Láyé àtijọ́, irun ìrù ẹṣin ni wọ́n ń hun ṣe okùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni sílíìkì dé, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rá pa kó lè léfòó. Ọ̀pá tó wá bá a mu ni ti ọparun ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n là wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀.

Ọdún 1496 ni ìwé àkọ́kọ́ tó kọ́ni ní iṣẹ́ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì jáde, láti ọwọ́ Wynkyn de Worde ní Westminster. Irú ìwọ̀ méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kan, Juliana Berners, ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí ẹ̀rí rẹ̀. Ní 1653, Izaak Walton ṣe tirẹ̀. Ekòló àti ìdin pọ̀ níbẹ̀ ju ìyẹ́ lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Charles Cotton, ló fi apá tó dá lórí ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ kún un ní 1676.

Ìjà ńlá wá bẹ́ sílẹ̀ ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èmi sì fẹ́ràn ìjà yẹn. Frederic Halford, ọmọ ìdílé olówó, pàdé George Selwyn Marryat ní 1879. Àwọn méjèèjì jókòó ti odò Test, wọ́n ń mú kòkòrò, wọ́n ń ṣe ìwọ̀ tó jọ ọ́. Nígbà tí Halford gbé ìwé lórí rẹ̀ jáde ní 1886, Marryat ní kí wọ́n má kọ orúkọ òun sí i. Halford fi òfin lélẹ̀: ìwọ̀ gbọ́dọ̀ léfòó, apẹja gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn ẹja kó sì jù ú sí òkè odò, kò sì gbọdọ̀ jù ú rárá títí yóò fi fojú ara rẹ̀ rí ẹja tó ń jẹun lójú omi. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sọ òfin yìí di ẹ̀sìn, débi pé ẹni tó bá jẹ́ kí ìwọ̀ rẹ̀ rì, ojú olè ni wọ́n fi ń wò ó.

Lọ́yà kan wà lórí odò Itchen, Skues lórúkọ rẹ̀. Tó bá mú ẹja, á fi ṣíbí tẹ́ẹ́rẹ́ kan fa ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ jáde, á dà á sínú àwo funfun tí omi wà, á sì tẹjú mọ́ ọn. Ohun tó máa ń rí níbẹ̀ kì í sábà ní ìyẹ́. Ọmọ kòkòrò ni, tí kò tíì hùyẹ́, tí ẹja ti gbé lábẹ́ omi. Ó kọ èyí sínú ìwé ní 1910, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ìwọ̀ rì díẹ̀. Halford kú ní 1914, ìjà ò kú. Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn apẹja ní Lọ́ńdọ̀nù pe àpérò lórí ọ̀rọ̀ náà. Skues ń lọ sí ẹni 80 ọdún nígbà yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nìkan dúró, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó wo inú ikùn ẹja ló jàre.

Ẹja náà wá di arìnrìn-àjò. Ní 1864, ẹyin trout tí wọ́n kó sáàárín yìnyín nínú ọkọ̀ ojú omi la òkun kọjá dé Tasmania láàyè. Ní 1883, ẹyin tó ti Jámánì wá dé New York. Ní 1905, Ewart Grogan kó o dé òkè ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Tiwa ò lè gbà á. Tí omi bá ti súnmọ́ 25°C, ikú ni fún trout, Ìkógòsì á sì bọ̀ ọ́ lóòyẹ̀. Ẹ̀pìà àti àrọ̀ ló ni odò wa.

Ní Carlisle, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, omi orísun kan wà tó ń jẹ́ Letort. Ẹja ibẹ̀ dá àwọn apẹja lágara: wọ́n ń jẹun lójú omi ní ọ̀sán gangan, kò sì sí kòkòrò kankan tí èèyàn rí. Vincent Marinaro àti Charlie Fox dojú bolẹ̀ wo omi náà, wọ́n wá rí i pé ohun tó já bọ́ látinú koríko etí odò ni wọ́n ń jẹ: èèrà, ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn kéékèèké, àti kòkòrò orí ewé tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ìwé Marinaro jáde ní 1950. Ẹni tó bá ti jókòó sétí odò Èkìtì rí nígbà tí ẹsunsun ń fò á mọ̀ pé kò sí àṣírí níbẹ̀. Ẹja tí kì í jẹ èèrà ò tíì rí èèrà ni.

Ìgbà yìnyín ni omi orísun wá jẹ́ ọba. Odò yòókù ti dì, àmọ́ odò tó ti ilẹ̀ jáde ṣì ń ṣàn, kòkòrò kékeré tí wọ́n ń pè ní midge ṣì ń yọ lójú rẹ̀, ẹja ṣì ń jẹun. Ní Paradise Valley, ìpínlẹ̀ Montana, oko àwọn àgbẹ̀ ni omi Armstrong, DePuy àti Nelson wà. Èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lójúmọ́, owó ni wọ́n sì fi ń wọlé. Ní Idaho, àjọ Nature Conservancy ra ilẹ̀ etí Silver Creek ní 1976 kí wọ́n má ba à bà á jẹ́. Jack Hemingway, ọmọ òǹkọ̀wé Ernest Hemingway, wà lára àwọn tó ṣí wọn lójú sí i.

Kámẹ́rà pẹ́ kó tó lè dé irú ibẹ̀. Láti 1851 tí Frederick Scott Archer ti gbé ọ̀nà tirẹ̀ jáde, gíláàsì tútù ni wọ́n fi ń ya fọ́tò. Ayafọ́tò á da oògùn sí gíláàsì nínú òkùnkùn, á sáré yà á, á sì sáré fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ. Tòun ti àgọ́ dúdú àti ìgò oògùn ló ń rìn. Nínú yìnyín, oògùn á dì kó tó ṣiṣẹ́. Dókítà kan, Richard Leach Maddox, ló dábàá gíláàsì gbígbẹ ní 1871, nígbà tó sì fi máa di nǹkan bí 1880, èèyàn lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù, kó yà á lónìí, kó sì fọ̀ ọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tó ṣí ìgbà yìnyín sílẹ̀ fún kámẹ́rà nìyẹn. Ní 15 oṣù Ṣẹẹrẹ 1885, Wilson Bentley, ọmọ àgbẹ̀ ní Jericho, Vermont, so kámẹ́rà mọ́ awò amúǹkan-tóbi, ó ya ẹyọ yìnyín kan ṣoṣo. Kó tó kú, ó ti ya èyí tó lé ní 5,000. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1887, Frank Haynes, ayafọ́tò, bá Frederick Schwatka, arìnrìn-àjò, wọ Yellowstone, ilẹ̀ orísun gbígbóná ní Amẹ́ríkà. Schwatka ṣàìsàn, ó padà. Haynes ò padà. Ìjì yìnyín ká wọn mọ́ orí òkè, díẹ̀ ló kù kí wọ́n kú, àmọ́ ó mú fọ́tò bọ̀: orísun gbígbóná tó ń rú èéfín, àti igi tí èéfín náà ti dì mọ́ lára tó fi funfun báláú.

Ayafọ́tò tó bá lọ síbẹ̀ lónìí á rí wàhálà kan tí àwọn ayafọ́tò wa mọ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ̀rọ inú kámẹ́rà gbà pé ohun gbogbo láyé ò funfun, kò dúdú. Tó bá rí yìnyín, á sọ ọ́ di eérú. Tó bá rí kùrukùru ọyẹ́ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, bákan náà. Èèyàn ní láti fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ìlọ́po méjì sí mẹ́rin. Bátìrì a sì máa tètè kú nínú òtútù, nítorí náà àpò inú aṣọ ni wọ́n ń fi èyí tó kù sí.

Ohun tó so ìwọ̀ àti kámẹ́rà pọ̀ jù lọ ni ọ̀rọ̀ tí Lee Wulff, apẹja ará Amẹ́ríkà, kọ ní 1939, pé ẹja tí wọ́n ń fi ṣe eré ìdárayá níye lórí ju kí wọ́n mú un lẹ́ẹ̀kan péré lọ. Láti ìgbà náà, fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò ẹja tí apẹja ń gbé relé. Mo ṣàlàyé èyí fún ìyá mi. Ó ní, “Ẹ mú ẹja, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ sì dá a padà sómi? Àìsàn wo nìyẹn?” Mi ò rí èsì fọ̀. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe é kì í fi ọwọ́ gbígbẹ di ẹja mú, kó má ba à bó yíyọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù débi tí omi fi ń dì, wọn kì í tiẹ̀ gbé e kúrò nínú omi, torí ìjàgbọ̀n tó fi ń mí lè dì láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Inú omi ni ẹja máa ń wà, ayafọ́tò ló ń kúnlẹ̀ sínú yìnyín.