Bí Ilé-Ọmọ Ṣe Ń Padà Sípò Lẹ́yìn Ìbímọ

Nígbà tí ọmọ bá ti wálẹ̀, tí ibi ọmọ sì ti jáde, ọgbẹ́ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ló ṣẹ́ kù nínú ilé-ọmọ. Ojú ibẹ̀ ni ibi ọmọ lẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọmọ sì ṣì lanu sílẹ̀. Ilé-ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń pa wọ́n dé: ẹran ara rẹ̀ á súnkì, á fún iṣan ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyí pọ̀ bí ìgbà tí a bá fa okùn ẹnu àpò. Ìdí nìyí tí agbẹ̀bí fi ń tẹ ikùn ìyá ìkókó wò léraléra. Tí ilé-ọmọ bá le lábẹ́ ọwọ́, ó dára. Tó bá rọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè máa ya. Ìtọ̀ tó kún inú náà kì í jẹ́ kó súnkì dáadáa, torí náà ni wọ́n ṣe ń ní kí ìyá tètè lọ tọ̀.

Lọ́jọ́ ìbímọ, ilé-ọmọ wúwo tó nǹkan bí kílò 1, orí rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ìdodo. Ó ń lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan lójúmọ́. Nígbà tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ 2, ọwọ́ kì í bá a mọ́ lórí ikùn. Ní ọ̀sẹ̀ 6, kì í sábà ju gíráàmù 100 lọ.

Ọmú tí ọmọ ń fà ń ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ gan-an. Ó ń mú kí ọpọlọ ìyá tú èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní oxytocin jáde, èyí tó ń mú kí wàrà ṣàn, tó sì ń mú ilé-ọmọ súnkì. Ohun tó ń fa inú rírun nìyẹn bí ọmọ bá ń mu ọmú, ó sì máa ń le jù lára ẹni tó ti bímọ rí.

Omi gbígbóná tí àwọn ìyá wa fi ń tẹ ikùn lè mú kí ara tu ìyá, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Àmọ́ òun kọ́ ló ń dá ilé-ọmọ padà, ó sì ti bó ọ̀pọ̀ ìyá lára. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti tó.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lẹ́yìn ìbímọ á pọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, á ṣá, á wá funfun, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó dá. Bó bá ń rùn, tí ara sì ń gbóná, kòkòrò ti wọ ọgbẹ́ náà. Bí páàdì kan bá rin gbindin láàárín wákàtí kan, ilé ìwòsàn ló kàn lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni orí fífọ́ líle tàbí ojú tó ń ṣú, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti gìrì aboyún lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá ti délé.