Bí púrótíìnì ṣe ń sọ ibi tí jẹjẹrẹ ikùn fẹ́ gbà

Jẹjẹrẹ ikùn ẹni méjì lè jọra lójú kí ìwà wọn má jọra rárá, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń wá púrótíìnì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kó tó mú oògùn. HER2, púrótíìnì tó máa ń mú kí jẹjẹrẹ dàgbà tó bá ti pọ̀ jù lára sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n ń wá jù.

Wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà gba ọ̀fun wọ ikùn, wọ́n á já ẹran bíńtín-bíńtín níbẹ̀, bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ. Kò pọ̀ jù o, torí HER2 lè kún apá kan jẹjẹrẹ yẹn kó má sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ rárá, ẹni tó bá já ẹyọ kan péré lè ní kò sí nígbà tó wà. Wọ́n á rẹ ẹran náà sínú fọ́málínì, wọ́n á yọ́ ìda lé e kó le, wọ́n á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, wọ́n á wá da áńtíbọ́dì tó mọ HER2 nìkan sí i. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́, kẹ́míkà á sọ ọ́ di búráùn.

Máàkì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 3. 0 àti 1, kò sí. 3, ó wà. 2 ni wàhálà, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ fi FISH, àyẹ̀wò tó ń ka iye jíìnì HER2 nínú sẹ́ẹ̀lì, yẹ̀ ẹ́ wò. Ti ikùn tún yàtọ̀ sí ti ọmú, àwọ̀ yẹn kì í sábà yí sẹ́ẹ̀lì po, ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ nìkan ló máa ń gbà bíi lẹ́tà U, ẹni tó bá fi òfin ti ọmú kà á máa ṣì í kà.

Èrè ẹ̀ hàn lọ́dún 2010 nínú ìwádìí ToGA: àwọn tó ní HER2 tí wọ́n gba kímò (oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ) nìkan, láàárín oṣù 11.1 ni ìdajì wọn ti kú, àwọn tí wọ́n fi trastuzumab, oògùn tó ń dojú kọ HER2, kún tiwọn, ó di 13.8. Oṣù bíi mẹ́ta ò jọ nǹkan kan lójú ẹni tí kò ṣe é rí.

Ti púrótíìnì mẹ́rin mìíràn, MLH1, MSH2, MSH6 àti PMS2, wá yàtọ̀, àìsí wọn gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn ló ń tún DNA ṣe, tí wọ́n bá ti pòórá, àṣìṣe á kún inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn sójà ara á tètè dá a mọ̀, oògùn tó ń tú àwọn sójà yẹn sílẹ̀ sì máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá lè ṣiṣẹ́ abẹ fún nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pẹ́ ju àwọn yòókù lọ.

Èyí tó dé kẹ́yìn ni claudin 18.2. Àárín sẹ́ẹ̀lì ikùn ló máa ń fara pamọ́ sí, ìgbà tí jẹjẹrẹ bá da ètò wọn rú ló máa ń yọjú síta. Tí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà bá gba àwọ̀ dáadáa, tí HER2 ò sì sí, wọ́n lè lo zolbetuximab, oògùn tó ń lẹ̀ mọ́ claudin yẹn, tí Japan àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2024.