Báwo la ṣe ń ka àmì ìdánimọ̀ bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì?

Ìbéèrè: Wajawaja tó rọ̀ sọ́tùn-ún sósì asà tó wà láàárín àmì náà, ṣé ọ̀ṣọ́ lásán ni?

Rárá o. Òun gan-an ló ń sọ ipò ẹni tó ni àmì náà, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Okùn àkẹtẹ̀ tó wà lórí asà ló gbé e dání. Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, láti òkè wá sísàlẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ní wajawaja 6: ìlà àkọ́kọ́ 1, ìkejì 2, ìkẹta 3. Ásíbíṣọ́ọ̀bù ní 10, torí pé ìlà kẹrin kún un. Àwọ̀ ewé ni tàwọn méjèèjì. Kádínà ní 15 ní ìlà márùn-ún, pupa sì ni.

Ẹ tún wo àgbélébùú ẹ̀yìn asà. Ti bíṣọ́ọ̀bù ní igi ìdábùú kan, ti ásíbíṣọ́ọ̀bù ní méjì. Ibí yìí ni àwọn ayàwòrán ti máa ń ṣìṣe: wọ́n á da àmì ásíbíṣọ́ọ̀bù kọ fún bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n á yọ ìlà kẹrin kúrò, wọ́n á sì gbàgbé igi kejì síbẹ̀. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ń pe ẹnì kan ní ipò méjì.

Ìbéèrè: Fìlà gogoro àti ọ̀pá olùṣọ́-àgùntàn ńkọ́?

Vatican ti ní kí wọ́n yọ méjèèjì kúrò nínú àmì àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti kádínà láti 1969. Àkẹtẹ̀ àti àgbélébùú ló kù.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n fi pín asà mìíràn sí méjì?

Apá kan jẹ́ ti dáyọ́sìsì, ìyẹn agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù ń bójú tó, èkejì jẹ́ ti bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Dáyọ́sìsì ló ń gba ọ̀tún, nítorí ọ̀tún ni ipò ọlá. Àmọ́ ọ̀tún ẹni tó gbé asà dání là ń wí, èyí tó bọ́ sí òsì ẹni tó ń wò ó. Bí wọ́n bá gbé bíṣọ́ọ̀bù náà lọ sí dáyọ́sìsì mìíràn, apá ọ̀tún á yí padà, tirẹ̀ á dúró. Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń pín in. Àwọn mìíràn ń lo tara wọn nìkan.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fojú lásán mọ ìtumọ̀ àwòrán inú rẹ̀?

Ó léwu. Òdòdó náádì wà nínú àmì Póòpù Francis, tó dúró fún Jósẹ́fù Mímọ́, ṣùgbọ́n èso àjàrà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn pè é. Ìràwọ̀ ibẹ̀ jẹ́ ti Màríà, oòrùn tó ní IHS, ìyẹn lẹ́tà tó dúró fún orúkọ Jésù, nínú sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ Jésúíìtì tó ti wá. Ẹ wá àlàyé tí wọ́n kọ mọ́ àmì náà kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọ̀ ńkọ́?

Wúrà àti fàdákà, ìyẹn yẹ́lò àti funfun, kì í gun ara wọn; bẹ́ẹ̀ ni pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, dúdú àti elésè àlùkò kì í gun ara wọn. Búlúù lórí dúdú kò ní hàn lókèèrè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí wọ́n lè dáni mọ̀ lókèèrè ni wọ́n ṣe ń ya àmì sára asà.