Ibi tí pàṣípààrọ̀ igi láàárín àwọn oníṣẹ́ lathe ti ṣẹ̀

Ẹ̀rọ lathe, èyí tó ń yí igi kí oníṣẹ́ lè fi irin gbẹ́ ẹ, ti pẹ́ láyé. Lára ògiri ibojì Petosiris ní Íjíbítì, èyí tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ya ọkùnrin méjì tí wọ́n ń lò ó: ọ̀kan ń fa okùn síwá sẹ́yìn kí igi lè máa yí, èkejì gbé irin tì í, ó ń gbẹ́ ẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, igi tó wà nítòsí ni oníṣẹ́ ń lò. Ti òkèèrè kì í dé ọwọ́ rẹ̀ àfi bí oníṣòwò bá fi ọkọ̀ òkun gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ ni lignum vitae, igi tó wúwo débi pé ó ń rì sómi, ṣe ti Kàríbíánì dé Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún.

Kí ẹni méjì tí òkun wà láàárín wọn tó lè pààrọ̀ igi láìsí oníṣòwò, wọ́n nílò orúkọ tí àwọn méjèèjì jọ mọ igi náà sí, àti ọ̀nà tí ẹrù kékeré lè gbà. Igi kan náà lè ní orúkọ mẹ́wàá ní ìlú mẹ́wàá, orúkọ kan sì lè wà lórí igi márùn-ún tí kò bára tan. Orúkọ Látìn tí Carl Linnaeus, onímọ̀ nípa ewéko, fi lélẹ̀ ní 1753 ló yanjú ìyẹn. Ní London, ní 1843, Charles Holtzapffel, tí ìdílé rẹ̀ ń ṣe ẹ̀rọ lathe tà, tẹ ìwé kan tó to àwọn igi tí oníṣẹ́ ń lò lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti wá àti bí wọ́n ṣe rí.

Ọ̀nà ẹrù pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó là. Ní 1874, àwọn orílẹ̀-èdè fìmọ̀ ṣọ̀kan ní Bern, ní Switzerland, lórí bí lẹ́tà yóò ṣe máa ti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Ní 1880, ní Paris, ọ̀pọ̀ lára wọn ṣàdéhùn lórí ẹrù kéékèèké. Látìgbà náà, ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò lè di ègé igi sínú páálí, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò rí rí.

Àwọn onímọ̀ tètè jàǹfààní rẹ̀. Samuel Record ní Yunifásítì Yale ń kó igi jọ láti gbogbo ayé, ó sì dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ lórí igi ilẹ̀ olóoru ní 1925. Nígbà tí wọ́n gbé àkójọ Yale lọ sí ìlú Madison ní Amẹ́ríkà ní 1969, ègé igi inú rẹ̀ tó nǹkan bí 55,000.

Ṣùgbọ́n ní 1947 ni mo fi orísun gan-an sí, ọdún tí àwọn tó fẹ́ràn igi ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ tó di International Wood Collectors Society sílẹ̀. Ìwọ̀n kan wà tó di ti gbogbo wọn: íǹṣì 6 ní gígùn, 3 ní fífẹ̀, ìdajì íǹṣì ní nínípọn. Ìwọ̀n yìí ló mú àríyànjiyàn kúrò. Ègé kan lọ, ègé kan bọ̀, láìka iye tí wọ́n ń tà wọ́n lọ́jà sí. Níbi tí Osage orange, igi Amẹ́ríkà kan, ti ń hù, òpó ọgbà ni wọ́n ń fi í ṣe. Níbi tí ólífì ti pọ̀, ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ń dáná. Tí wọ́n bá pààrọ̀, oníkálukú rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn rí. Ẹ̀mí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn náà.

Ègé wíwò kò tó oníṣẹ́ lathe, èyí tó ṣeé yí ló ń wá. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ lathe dúró ní Amẹ́ríkà ní 1986 àti ní Bìrìtéènì ní 1987, àwọn tó ti ń dá ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mọra. Igi tí wọ́n ń fi ṣe pẹ́ẹ̀nì, tí kò ju nǹkan bí íǹṣì 5 lọ ní gígùn, ló rọrùn jù láti fi ránṣẹ́. Igi tí wọ́n ń fi ṣe abọ́ le díẹ̀, nítorí ojú ibi tí wọ́n ti gé igi ń yára gbẹ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń sán. Ìda ni wọ́n fi ń dí i lórí méjèèjì.

Àjálù ló bí òfin tó wà lórí fífi igi ránṣẹ́ sókè òkun lónìí, kò sì ti ọwọ́ àwọn tó ń pààrọ̀ ègé wá. Ní àwọn ọdún 1960, ìtì igi elm tí wọ́n kó láti Àríwá Amẹ́ríkà wọ Bìrìtéènì gbé àrùn wọlé lábẹ́ èèpo. Kòkòrò inú èèpo gbé e láti igi dé igi, elm tó kú sì lé ní mílíọ̀nù 20. Ó ń dùn mí títí dòní. Ní 1996, wọ́n rí kòkòrò ajẹgi kan láti Éṣíà ní Brooklyn, ní New York, tó bá pákó ìdirù wọlé. Ní 2002, wọ́n rí òmíràn tó ń pa igi ash ní Michigan. Ọdún 2002 yẹn náà ni òfin àgbáyé ISPM 15 jáde: kí wọ́n yan pákó ìdirù títí inú rẹ̀ yóò fi wà ní 56°C fún ìṣẹ́jú 30. Ọ̀pọ̀ rò pé òfin náà kan ègé igi tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. Pákó àpótí nìkan ló kàn. Igi inú rẹ̀ wà lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè tó ń gbà á, àwọn mìíràn a sì béèrè ìwé ẹ̀rí pé kò ní kòkòrò.

Àdéhùn àgbáyé CITES, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1973, ló ń dáàbò bo igi tó ń tán lọ. Rosewood ilẹ̀ Bràsíl wọ ìpele tó le jù nínú rẹ̀ ní 1992, gbogbo Dalbergia, ẹbí tí rosewood náà wà, wọ àkọsílẹ̀ ní 2017, wọ́n sì dìbò fi ọ̀gànwó àti apá ilẹ̀ Áfíríkà kún un ní Panama ní 2022. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Igi tó pọ̀ láyìíká ẹni ló dára láti pààrọ̀: igi èso tí kò so mọ́, mulberry tí ìjì wó, ólífì tí wọ́n rẹ́ lẹ́ka. Kí wọ́n bó èèpo rẹ̀, kí ó gbẹ, kí wọ́n kọ orúkọ Látìn rẹ̀ àti ibi tó ti hù sí i lára. Èyí tí kò ní orúkọ, bó ti wù kó lẹ́wà tó, kí ó dúró sílé: aṣọ́bodè kò ní lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára igi tí òfin dè, ẹni tó ń yí i kò sì ní mọ irú eruku tó ń fà símú, nígbà tó jẹ́ pé eruku igi yew àti ti igi cocobolo ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní jàǹbá.