Ẹ Jẹ́ N Gbọ́ Fèrè Ọ̀kadà Yín Ná

Bàbá kan tó ń fi ọ̀kadà kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ ìgboro Ìbàdàn gbé bátìrì tuntun wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ìkejì nìyẹn láàárín oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní sítátà ọ̀kadà àwọn kò yí mọ́, kí n ṣáà bá àwọn dè é mọ́ ọn, àwọn ń kánjú. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n gbọ́ fèrè ọ̀kadà yín ná." Wọ́n wò mí bíi pé mo ti mu nǹkan láàárọ̀.

Fèrè ni mo kọ́kọ́ máa ń bi léèrè. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ fi àtàǹpàkò òsì tẹ fèrè kó máa ké, kí ẹ wá fi ti ọ̀tún tẹ sítátà. Bí ohùn fèrè bá rẹlẹ̀ lójijì, tó ń dún bí ewúrẹ́ tí ikọ́ ń ṣe, á jẹ́ pé bátìrì ti rẹ̀, tàbí kí iná wà nínú rẹ̀ kó má rọ́nà jáde. Bí fèrè bá ń ké geere tí sítátà kò mira, ẹ fi bátìrì sílẹ̀, ẹ lọ wo fíúsì, bọ́tìnnì àti rílè tó ń gbé iná lọ sí sítátà. Ẹ rí i pé ọ̀kadà wà ní níyútírà, kí ẹ sì fún kílọ́ọ̀ṣì mọ́ra, torí àwọn kan wà tí sítátà wọn kì í dáhùn láìṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi iná iwájú dán èyí wò o: lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kéékèèké, kọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ló ń gbé iná yẹn, kì í ṣe bátìrì.

Fèrè Bàbá rẹlẹ̀. Mo fi mítà tí a fi ń wọn iná kan orí bátìrì tó wà lára ọ̀kadà, ó ka 12.5 volt. Èyí tó kún tó sì sùn mọ́jú máa ń wà láàárín 12.6 sí 12.8, tó bá ti wálẹ̀ dé 12.0, òfo ló ń lọ. Àmọ́ bátìrì tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń parọ́. Ìgbà tí ẹ bá tẹ sítátà ni kí ẹ wo mítà. Tó bá já sí 8 tàbí 7, agbára ti tán nínú rẹ̀. Ti Bàbá kò wálẹ̀ ju 11.6 lọ, síbẹ̀ sítátà kò yí. Kì í ṣe bátìrì nìyẹn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ní mítà. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á tẹ sítátà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, wọ́n á pa kọ́kọ́rọ́, wọ́n á sì yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ wáyà nínípọn látorí bátìrì dé ara sítátà, kí wọ́n tó tọ ti dúdú dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ férémù. Iná dà bí èrò ọjà, ibi tí ọ̀nà bá ti há ni wọ́n ti ń gbún ara wọn. Ibi tó há yẹn ló máa gbóná.

Ti Bàbá gbóná lábẹ́ nọ́ọ̀tì wáyà dúdú. Mo tú u. Ìpẹtà ti jẹ orí wáyà, ọ̀dà sì bo irin tó yẹ kó fara kàn. Ẹni tó bá wọn kun ọ̀kadà ló dá wáyà padà lé orí ọ̀dà, ọ̀dà kì í sì í gbé iná kọjá. Mo fi sáńpépà ha á títí irin fi dán, mo dè é le, mo fi Vaseline pa á lórí nítorí òjò. Bátìrì tí wọ́n fẹ́ sọ nù ló gbé e. Mi ò bèèrè bóyá ẹni tó ta tuntun gbà á padà. Èmi náà ti ta bátìrì rí fún ẹni tó jẹ́ pé wáyà rẹ̀ ló já, ó sì padà wá bá mi lọ́jọ́ kẹta.

Bí ẹ bá fẹ́ tú orí bátìrì fúnra yín, dúdú lẹ máa kọ́kọ́ tú, pupa lẹ máa kọ́kọ́ dè. Bí sípánà bá fi pupa kan férémù nígbà tí dúdú ṣì wà níbẹ̀, á ṣáná, gáàsì tó ń jáde lára bátìrì sì lè gbiná. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó tó fún ìhó funfun orí rẹ̀.

Ẹni tó bá ń ra bátìrì lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kó fi mítà sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kó yí ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré sí i. Ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Tí kò bá kúrò ní 12, kọ́ìlì, tàbí rẹ́gúlétọ̀ tó ń ṣàkóso iná tó ń lọ sínú bátìrì, kò ṣáàjì. Tó bá kọjá 15, rẹ́gúlétọ̀ ti bàjẹ́, ṣe ló ń se bátìrì yín bí ẹni se ẹ̀wà. Ẹ sì ka rédíò àti iná aláràǹbarà tí ẹ so mọ́ ọn náà mọ́ ẹjọ́ yìí.

Bátìrì tuntun tí wọ́n da ásíìdì sí lójú yín, iná inú rẹ̀ kò tíì kún. Ẹ kọ́kọ́ ṣáàjì rẹ̀, jẹ́jẹ́: tí wọ́n bá kọ 12N5 sí i lára, iná tó lè gbà pamọ́ jẹ́ 5 Ah, ìyẹn ìdajì ampere fún wákàtí mẹ́wàá, ìdajì ampere náà sì ni kí ẹ fi ṣáàjì rẹ̀. Ṣájà ọkọ̀ ńlá á sè é. Bí omi inú rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, omi bátìrì, ìyẹn distilled water, ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe omi inú ọ̀rá.

Bàbá ṣì máa ń fi ẹsẹ̀ ta tiwọn láàárọ̀ kùtù. Wọ́n ní ó ti mọ́ àwọn lára. Mi ò bá wọn jiyàn, torí ẹ́ńjìnnì tó tutù ló máa ń fa iná bátìrì jù.